c4, c5: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Ta Á Láì Kàn Máa Sín Ẹni Ẹlẹ́ni Jẹ

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe nà mí kí n tó máa ṣe tíṣà fún ẹnikẹ́ni. Ìdíje chess àkọ́kọ́ tí mo lọ nìyẹn, ráúńdì kejì, dúdú ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan tí ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ló jókòó síwájú mi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀ lórí àga, ó ń mì í síwá sẹ́yìn. Ó gbé c4, ìyẹn ni pé ó sún pọ́ọ̀nù ẹ̀ dé ilé c4 (lẹ́tà a dé h ló ń ka ilé láti òsì sí ọ̀tún funfun, nọ́ńbà 1 dé 8 ló ń kà á lọ sókè). Mi ò mọ nǹkan kan nípa c4 nígbà yẹn, e4 àti d4 nìkan ni mo mọ̀, mo wá sọ lọ́kàn ara mi pé kí ló le ńbẹ̀, ohun tó bá ti ṣe lèmi náà máa ṣe, tí tiẹ̀ bá dáa, tèmi ò lè burú. Mo gbé c5. Ó gbé ẹṣin sí f3, mo gbé tèmi sí f6. Ó gbé d4, mo gbé d5. Ó fi pọ́ọ̀nù c jẹ d5, mo fi tèmi jẹ d4. Ó fi ayaba jẹ d4, mo fi ayaba jẹ d5. Inú mi ń dùn ṣìnkìn, àfi bí ẹni tó ń wo dígí.

Ló bá gbé ẹṣin kejì sí c3. Ẹṣin yẹn ń wo ayaba mi. Tí mo bá ní kí n ṣì máa sín in jẹ, kí n gbé ẹṣin tèmi sí c6 kó máa wo ayaba tiẹ̀, òun ló kàn, á ti gbé ayaba mi jẹ kí n tó nawọ́. Ibẹ̀ ni dígí ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ayaba jẹ ayaba, ó fi ẹṣin jẹ ẹ́ padà ní d4, mo mí kanlẹ̀, mo ní ayaba ti kúrò nílẹ̀, ewu ti tán. Mo gbé g6 kí bíṣọ́ọ̀bù mi lè jáde. Ó gbé ẹṣin d4 sí b5. Mi ò tiẹ̀ wo ibẹ̀, mo gbé bíṣọ́ọ̀bù sí g7 bí mo ṣe ti pinnu ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹṣin bá fò sí c7, ṣẹ́ẹ̀kì, ẹsẹ̀ kan lórí ọba, ẹsẹ̀ kan lórí rúùkù a8. Rúùkù lọ. Ọmọ yẹn ò wo ojú mi rárá, ẹsẹ̀ ló ṣì ń mì.

Ẹ padà wo bọ́ọ̀dù yẹn lẹ́yìn tí ayaba méjèèjì ti kúrò: ẹṣin méjì ti funfun ti jáde, ọ̀kan ṣoṣo ni tèmi. Kíkà lásán ni, kò gba ọgbọ́n orí. Funfun ló kọ́kọ́ ń gbé, torí náà ẹni tó bá ń sín in jẹ, ẹsẹ̀ kan ló máa fi gbẹ̀yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹsẹ̀ kan yẹn ò sì ní dunni níwọ̀n ìgbà tí kò tíì sí ẹni tó ń jẹ nǹkan, ìgbà tí jíjẹ bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ṣẹ́ẹ̀kì bá wọ̀ ọ́ lojú èèyàn máa là. Ká ní mo gbé a6 dípò g6 níbẹ̀, ẹṣin ò ní ráyè wọ b5, ìyà díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o, àmọ́ rúùkù mi ì bá wà nílé ẹ̀. Nídìí ayò, òpè ló máa ń wo ọwọ́ ọ̀ta kó tó ta tiẹ̀, èmi gan-an ni òpè ọjọ́ náà.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bẹ́ ẹ ṣe máa ta c4 c5 nínú ìdíje, yálà funfun ló bọ́ sí yín lọ́wọ́ tàbí dúdú, kẹ́ ẹ sì mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa fọ́ dígí náà fúnra yín kí wọ́n tó fọ́ ọ lé yín lórí.

Fún àwọn tí ò tíì mojú bí wọ́n ṣe ń kọ ìgbésẹ̀ sílẹ̀: K ni ọba, Q ni ayaba, R ni rúùkù, B ni bíṣọ́ọ̀bù, N ni ẹṣin, pọ́ọ̀nù ò ní lẹ́tà, orúkọ ilé tó lọ nìkan la máa ń kọ. x ni jíjẹ, + ni ṣẹ́ẹ̀kì, ! ni ìgbésẹ̀ tó dáa gan-an, O-O ni castle sí apá ọba, ìyẹn kí ọba àti rúùkù jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà iwájú ni iye ìgbésẹ̀, tí àmì ... bá tẹ̀ lé e, dúdú ló gbé e. Lẹ́tà tó wà láàárín, bíi a nínú Rac1, ń sọ títì tí ọmọ ogun náà ti kúrò. Àwọn ilé tó tò lọ sókè láti iwájú yín títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta, títì lèmi máa ń pè é, títì c, títì d, torí rúùkù fẹ́ràn títì.

English Opening ni wọ́n ń pe c4, torí Howard Staunton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé e nígbà tó ń bá Saint-Amant ọmọ Faransé ta ní Paris ní 1843, ó sì na Saint-Amant. Tí dúdú bá fi c5 dáhùn, ó di Symmetrical, inú àwọn ìwé ńláńlá tó kó àwọn ìbẹ̀rẹ̀ chess jọ, A30 dé A39 lẹ máa rí i. Ìdí tí c4 fi dáa ni pé ó ń na ọwọ́ sí d5 láti ẹ̀gbẹ́, kò gbé ara ẹ̀ sí àárín níbi tí wọ́n á ti máa sọ òkò lù ú. c5 náà ń ṣe irú ẹ̀ sí d4. Nítorí náà gbogbo ìjà yìí, bẹ́ ẹ bá rí i tó gùn tó kúrú, ọ̀rọ̀ d4 àti d5 ni. Ta ló máa kọ́kọ́ lè gbé pọ́ọ̀nù síbẹ̀ kó sì dúró ire? Ẹ kọ ìyẹn sí àtẹ́lẹwọ́ yín.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú funfun ná.

Bí mo ṣe máa ń tò ó ni 1.c4 c5 2.Nc3 Nc6 3.g3 g6 4.Bg2 Bg7. Ẹ wo bíṣọ́ọ̀bù g2 yẹn dáadáa, òun ni ọ̀gá nínú eré yìí. Ọ̀nà ẹ̀ gba e4, d5, c6, b7, ó lọ já sí a8 níbi tí rúùkù dúdú ń gbé. Nǹkan kì í sábà ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn fún ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, mẹ́tàlá, ẹlòmíì á ti gbàgbé pé bíṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ ni o. Màá fi hàn yín nísàlẹ̀ bó ṣe gba rúùkù lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́ ọ̀gá gbogbo ayé nígbà yẹn.

Láti ibi tá a dé yìí, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí funfun lè fi fọ́ dígí.

Ọ̀nà kan ni kẹ́ ẹ lọ sí apá ayaba: a3, Rb1, lẹ́yìn náà b4. Ó rọrùn, ẹnikẹ́ni lè há a sórí, ìṣòro ibẹ̀ ni pé dúdú lè sín yín jẹ jìnnà gan-an. Ẹ wò ó: 5.Nf3 Nf6 6.O-O O-O 7.d3 d6 8.a3 a6 9.Rb1 Rb8 10.b4 cxb4 11.axb4 b5 12.cxb5 axb5. Ìgbésẹ̀ méjìlá, gbogbo ẹ̀ dọ́gba délẹ̀délẹ̀, àfi bí ìbejì! Kò sí ẹni tó tíì ṣe àṣìṣe, funfun ló sì kàn, àmọ́ ohun tó kù nínú ẹsẹ̀ kan tó fi ṣíwájú ti kéré jọjọ. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀mì lè máa ta eléyìí. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti Botvinnik, Mikhail Botvinnik ọmọ Rọ́ṣíà tó gba adé àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 1948 sí 1963. Ẹ gbé e4, d3, ẹṣin kejì lọ sí e2, kì í ṣe f3, kó má bàa dí bíṣọ́ọ̀bù g2 àti pọ́ọ̀nù f lọ́nà, ẹ castle, ẹ wá yan èyí tó wù yín nínú f4 ní apá ọba tàbí a3, Rb1, b4 ní apá kejì. Àlébù kan ṣoṣo tó ní ni pé d4 ti dihò, kò sí pọ́ọ̀nù kankan tó lè ṣọ́ ọ mọ́, ẹṣin c6, bíṣọ́ọ̀bù g7 àti pọ́ọ̀nù c5 ti dúdú ló sì dojú kọ ibẹ̀. Bí ẹṣin dúdú bá gúnlẹ̀ sí d4 tẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ta gbòǹgbò síbẹ̀, ẹ ti wọ gàù. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin e2 àti bíṣọ́ọ̀bù e3 fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Àwọn tí mo bá kọ́ ní c4, eléyìí ni mo máa ń fún wọn kọ́kọ́, torí kò sí ohun tí dúdú fẹ́ gbé tó máa da ètò yẹn rú pátápátá, ẹ ò sì nílò láti há lááìnì ogún ìgbésẹ̀ sórí.

Ọ̀nà kẹta ni d4 gan-an, òun ni mo gbádùn jù, òun náà ni mo sì fẹ́ ká jókòó tì.

Oṣù keje 1972, Reykjavik, olú ìlú Iceland. Bobby Fischer ọmọ Amẹ́ríkà ń bá Boris Spassky tó wá láti Soviet du adé àgbáyé. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé e4 ni Fischer sábà máa ń gbé. Ó wá dé géèmù kẹfà, ó gbé c4, ẹnu ya àwọn èèyàn, ó sì na Spassky. Géèmù kẹjọ ó tún gbé c4, lọ́tẹ̀ yìí Spassky gbé c5. Ó lọ báyìí: 1.c4 c5 2.Nc3 Nc6 3.Nf3 Nf6 4.g3 g6 5.Bg2 Bg7 6.O-O O-O. Ẹ tò ó sórí bọ́ọ̀dù yín, ẹ máà kàn fojú kà á, bọ́ọ̀dù orí fóònù náà ṣe é lò.

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà, dígí. Fischer wá fọ́ ọ ní ìkeje: 7.d4. Spassky ò sín in jẹ o, ó jẹ ẹ́: 7...cxd4 8.Nxd4 Nxd4 9.Qxd4 d6. Ẹ wo ohun tó yí padà. Funfun ò ní pọ́ọ̀nù d mọ́, dúdú ò ní pọ́ọ̀nù c mọ́. Àwọn ọmọ ogun wọn ò jọra mọ́. Pọ́ọ̀nù c4 funfun ń dí d5 mọ́ dúdú lọ́wọ́, ìyẹn ni pé funfun ní ààyè ju dúdú lọ díẹ̀, dúdú ló gbọ́dọ̀ wá bó ṣe máa mí. Títì c ti là fún rúùkù dúdú, ìyẹn ni tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè ka pọ́ọ̀nù báyìí lẹ́yìn ìparọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ti mọ ju ìdajì àwọn tẹ́ ẹ máa bá pàdé ní ìdíje lọ, mo fi dá yín lójú.

Ó tẹ̀ síwájú: 10.Bg5 Be6 11.Qf4 Qa5 12.Rac1 Rab8 13.b3 Rfc8 14.Qd2 a6. Ayaba funfun kúrò ní d4 torí bíṣọ́ọ̀bù g7 wà lẹ́yìn ẹṣin f6, ọjọ́ tí ẹṣin yẹn bá fò kúrò, ayaba á rí ìjọ̀ngbọ̀n. Gbogbo ohun tí dúdú ń tò látìgbà náà, rúùkù b8, rúùkù c8, a6, ohun kan ṣoṣo ló ń lépa: b5. Ó fẹ́ fi b5 lu pọ́ọ̀nù c4 kó lè gba ààyè ẹ̀ padà. Ètò tó dáa ni, inú ìwé gan-an ló wà.

Fischer gbé 15.Be3. Ìgbésẹ̀ tó dà bíi pé kò ní láárí, bíṣọ́ọ̀bù kàn sún láti g5 sí e3. Spassky gbé 15...b5.

Ẹ dúró síbí. Ẹ fi ọwọ́ yín bo ìyókù kẹ́ ẹ wá ìgbésẹ̀ funfun fúnra yín.

16.Ba7! Bíṣọ́ọ̀bù rìn láti e3 títí dé a7, ó ń wo rúùkù b8. Rúùkù wá ibi tó máa sá sí. Tó bá lọ sí b6, bíṣọ́ọ̀bù a7 kan náà á jẹ ẹ́. Tó bá lọ sí b7, bíṣọ́ọ̀bù g2 á jẹ ẹ́. Tó bá lọ sí a8, bíṣọ́ọ̀bù g2 náà ni. Bẹ́ẹ̀ kí b5 tó ṣẹlẹ̀, pọ́ọ̀nù b7 ló ń dínà mọ́ bíṣọ́ọ̀bù g2 o! Spassky fúnra ẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn nígbà tó gbé pọ́ọ̀nù náà síwájú. Bíṣọ́ọ̀bù tó ti jókòó sí g2 látìgbésẹ̀ karùn-ún tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wo ibẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

Rúùkù lọ, bíṣọ́ọ̀bù ló gbà dípò: 16...bxc4 17.Bxb8 Rxb8 18.bxc4 Bxc4. Ó rí pọ́ọ̀nù kan gbà lé e, kò tíì kú tán. 19.Rfd1 Nd7, ayaba méjèèjì ṣì ń wojú ara wọn, d2 àti a5. 20.Nd5! Tí bíṣọ́ọ̀bù c4 bá jẹ ẹṣin yẹn, ọ̀nà ti là láàárín ayaba sí ayaba, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ti dúdú, á lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá jẹ ayaba fúnra ẹ̀, 20...Qxd2, Fischer ò sì sáré jẹ ẹ́ padà, ó kọ́kọ́ fi ẹṣin jẹ e7 pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì: 21.Nxe7+ Kf8 22.Rxd2 Kxe7 23.Rxc4. Pọ́ọ̀nù tí dúdú rí gbà tẹ́lẹ̀ ti padà, rúùkù méjì ni funfun ní, ọ̀kan ni ti dúdú. Wọ́n ta á dé ìgbésẹ̀ 37 kí Spassky tó gbà pé ó tán. Àmì ayò di márùn-ún sí mẹ́ta fún Fischer, nígbà tí gbogbo ẹ̀ sì parí, 12.5 sí 8.5, adé di tiẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ há ìgbésẹ̀ 37 sórí. Ó jẹ́ pé lẹ́yìn tí dígí bá ti fọ́, b5 ni dúdú á máa wá, àmọ́ kó tó gbé e, ó gbọ́dọ̀ bi ara ẹ̀ pé ilẹ̀kùn wo ni pọ́ọ̀nù yìí ń tì mọ́ bíṣọ́ọ̀bù g2. Tẹ́yin bá sì jẹ́ funfun, ẹ máa ṣọ́ ìgbà tí pọ́ọ̀nù b7 bá gbéra. Èmi ti rí rúùkù méjì gbà báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí wọ́n ń ta blitz, eré kíákíá oníṣẹ́jú mẹ́ta, kì í rántí igun yẹn.

Ó yá, ká kọjá sí dúdú.

Àkọ́kọ́, ẹ lè sín funfun jẹ nígbà tó bá ń kó àwọn ọmọ ogun ẹ̀ jáde, ẹṣin, bíṣọ́ọ̀bù, castle, kò sí wàhálà. Ẹ má sín jíjẹ jẹ. Ìgbà tí ohunkóhun bá ti fara kan nǹkan mìíì lórí bọ́ọ̀dù, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ kà á: ta ló máa jẹ kẹ́yìn, ṣé ṣẹ́ẹ̀kì wà ńbẹ̀, kí ni mo kó jáde, kí ni òun kó jáde. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ sí ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún dúdú ni kẹ́ ẹ fọ́ dígí náà kí funfun tó fọ́ ọ: 1.c4 c5 2.Nc3 Nf6 3.g3 d5 4.cxd5 Nxd5 5.Bg2 Nc7. Ti Akiba Rubinstein, ọ̀gá chess ọmọ Poland, ni. Ẹ má ṣi d5 yìí mú fún d5 tèmi ọjọ́sí o, ìyàtọ̀ wọn jìn. Nígbà tèmi, pọ́ọ̀nù d4 ti wà níbẹ̀, gbogbo nǹkan sì ń jẹ ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú eléyìí funfun ò tíì gbé d4, ẹṣin lẹ fi jẹ padà, pọ́ọ̀nù c5 ṣì wà níbi tó wà. Ẹṣin tó padà sí c7 yẹn máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, wọ́n á ní kí ló dé tó ń sá sẹ́yìn. Ó ń sá fún bíṣọ́ọ̀bù g2 tó ń wò ó ní d5, kò sì fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ òun, torí ohun tó kàn ni e5 àti Nc6, dúdú á wá di ẹni tó di d4 mú gírí, ohun tí funfun fẹ́ ṣe fún un lòun ṣe fún funfun. Ìnáwó ibẹ̀ ni àsìkò, ẹṣin ti rìn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má wá fi ìgbésẹ̀ mìíì ṣòfò, ẹ tètè castle.

Tí funfun bá gbé Nf3 dípò g3, ìyẹn 1.c4 c5 2.Nf3 Nf6 3.Nc3 d5 4.cxd5 Nxd5, ó lè gbé 5.e4 lé ẹṣin yín. Ẹ gbé e sí b4. Bó bá wá gbé 6.Bc4, 6...Nd3+ wà ńlẹ̀, ọba funfun máa jáde sí e2, 7.Ke2, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta á, ẹ máà rò pé ẹ ti jẹun tán torí pé ọba dúró sí àárín ọjà, ẹṣin yín á tún ṣẹ́ẹ̀kì ní f4, ọba á lọ sí f1, géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Tí irú èyí bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ lo ti Rubinstein, àmọ́ ẹ rántí pé funfun ló ń yan èwo nínú méjèèjì.

Ọmọkùnrin tó na mí lọ́jọ́ kìíní yẹn, a tún pàdé lẹ́yìn ọdún méjì, funfun ni mo ní lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé c4, ó gbé c5, mo rẹ́rìn-ín sínú pé ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìgbésẹ̀ kẹta ó gbé d5, ìkarùn-ún ẹṣin padà sí c7, n ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Ọ̀mì la ta. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti kọ́ Rubinstein, tí mo bá fẹ́ sòótọ́.

Ètò mìíì wà fún dúdú tí wọ́n ń pè ní Hedgehog, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, èyí tó sún mọ́ ọn lọ́dọ̀ wa ni òòrẹ̀. Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀: pọ́ọ̀nù mẹ́rin ní a6, b6, d6, e6, kò sí èyí tó kọjá ìlà kẹfà, bíṣọ́ọ̀bù ní b7 àti e7, ẹṣin ní f6 àti d7, ayaba ní c7. Ó dé ibẹ̀ láti inú nǹkan bíi 1.c4 c5 2.Nf3 Nf6 3.g3 b6 4.Bg2 Bb7 5.O-O e6 6.Nc3 Be7 7.d4 cxd4 8.Qxd4 d6. Funfun á ní gbogbo ààyè ayé, á máa yan fanda, dúdú á ká ara ẹ̀ jọ bí òòrẹ̀, ẹ̀gún ló ta síta. Tí funfun bá wá fọwọ́ kan ibi tí ò yẹ, b5 tàbí d5 á bú gbàù, gbogbo ààyè yẹn á di ẹrù sí i lọ́rùn. Ulf Andersson ọmọ Sweden mọ̀ ọ́n ta gan-an. Ó gba sùúrù tí n ò ní o, tí mo bá ti dúró fún ìgbésẹ̀ mẹ́jọ láìṣe nǹkan, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Àwọn nǹkan ìdíje tó bá c4 c5 rìn kù.

Aago. Torí pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dákẹ́, èèyàn méjì ló máa ń ṣì í ta. Ẹnì kan á sáré gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan láìwo ohun tí ẹnì kejì gbé, ẹlòmíì á lo ogún ìṣẹ́jú lórí ìgbésẹ̀ kẹrin bí ẹni tó ń ṣírò owó orí. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti jókòó ronú ni ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ́ dígí, ìgbésẹ̀ kẹfà, ìkeje síbẹ̀. Ẹ fi àkókò pamọ́ dè é.

Ìtòtẹ̀lé ìgbésẹ̀ náà tún wà. c4 c5 lè yíra padà di nǹkan mìíì lójú yín. 1.c4 c5 2.Nf3 g6 3.d4 cxd4 4.Nxd4 Nc6 5.e4, ẹ ti bá ara yín nínú Sicilian, ìbẹ̀rẹ̀ tó máa ń wá láti 1.e4 c5, láìgbé e4 ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, pọ́ọ̀nù c4 àti e4 ti di dúdú lọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ dúdú tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ kórìíra kí wọ́n fún yín lọ́rùn, ẹ má tètè gbé g6 tí ẹ bá ti rí Nf3, ẹ kọ́kọ́ gbé Nf6 kó má ráyè gbé e4 lọ́fẹ̀ẹ́.

Òfin ọwọ́ náà ńkọ́. Ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn lẹ máa gbé, lórí fóònù ìyẹn ò sí, nídìí bọ́ọ̀dù ó wà gidi. Nínú géèmù yìí kò sẹ́ni tí kì í castle, ọba lẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn o, kì í ṣe rúùkù, adájọ́ lè ní kí rúùkù nìkan gbéra tẹ́ ẹ bá ṣì í ṣe. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé bó bá ti rí i pé gbogbo nǹkan dọ́gba, ọ̀mì ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ béèrè, ẹ gbé ìgbésẹ̀ yín tán, ẹ béèrè, ẹ wá tẹ aago, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ wo bọ́ọ̀dù, ẹ má wo rating, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára ẹni tó ń béèrè ṣe tó. Ọ̀gá tó ń bẹ̀bẹ̀ ọ̀mì ní ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, ó ní ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Látìgbà tí Tunde Onakoya ti ta chess fún ọgọ́ta wákàtí ní Times Square ní New York ní oṣù kẹrin 2024, àwọn ọmọdé tó ń gbé bọ́ọ̀dù kiri ládùúgbò wa ti pọ̀ sí i, kò ṣòroó rí ẹni bá ta mọ́. Bẹ́ ẹ ṣe máa fi eléyìí dánra wò rèé: ẹ to bọ́ọ̀dù dé ibi tí Fischer àti Spassky dé lẹ́yìn 9...d6, ẹ yí aago sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ fún ẹnì kejì ní funfun, ẹ mú dúdú, tẹ́ ẹ bá ta á tán ẹ pààrọ̀ àyè. Lórí Lichess, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta chess lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà ẹ lè to irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín pé kó wá bá yín ta á. Ẹ ta á lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan bóyá b5 ṣẹlẹ̀, ìgbésẹ̀ kelòó ló ṣẹlẹ̀, àti ibi tí bíṣọ́ọ̀bù g2 wà lọ́jọ́ náà.